Kullervo ti Sibelius: èwo nínú àgbasílẹ̀ rẹ̀ la ti ń gbọ́ ohun tí akọrin ń sọ?

EtíDidi kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kullervo ti Jean Sibelius, Op. 7, ni mo gbé wá. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: abala márùn-ún ni, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 70 sí 80, ọkẹ́sítírà ńlá ló wà fún, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin tó jẹ́ kìkì ọkùnrin, obìnrin kan àti ọkùnrin kan sì ń dá orin kọ. Inú Kalevala, àkójọ ewì àbáláyé àwọn ará Finland, ni ìtàn rẹ̀, ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kullervo, ti wá.

Ní abala kẹta, bí akọrin ṣe ń wọlé báyìí ni fèrè idẹ ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohùn wà, ọ̀rọ̀ ò sí. Fáìlì MP3 128 kbps ni, sípíkà Bluetooth kékeré ló ń gbé e jáde. Ṣé àwọn tó gbà á sílẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, àbí irinṣẹ́ ni? Tó bá jẹ́ àgbasílẹ̀ ni, èwo ni kí n rà dípò rẹ̀?

BàbáÀmpù kọ:

Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọnù.

Ohùn ọkùnrin, họ́ọ̀nù, tròńbóònù àti sẹ́lò, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, láàárín nǹkan bí 100 sí 400 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Kọ́ńsónáǹtì ló ń jẹ́ kí etí yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára fèrè, pàápàá k, t àti s, agbára àwọn yẹn sì wà lókè, láti nǹkan bí 2,000 Hz lọ sókè. Sípíkà kékeré sábà máa ń da ọ̀tún àti òsì pọ̀ sójú kan, wọ́n á sì ti gbé báàsì rẹ̀ sókè kó lè dún bí ẹni pé ó tóbi. Báàsì yẹn gan-an ló ń sin akọrin. MP3 128 náà tún dá kún un. Tí ọkẹ́sítírà bá ń dún papọ̀, bíìtì tó wà kì í kárí gbogbo ohun tó ń dún, kọ́ńsónáǹtì tó yẹ kó gé ṣánṣán á wá dà bíi lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ nù kí yíǹkì tó gbẹ.

Ẹ ṣe é báyìí. Fáìlì yẹn náà, ẹ fi hẹ́dífóònù oníwáyà gbọ́ ọ. Ẹ pa gbogbo àtúnṣe ohùn tó wà nínú áàpù, àgàgà èyí tó ń gbé báàsì sókè. Tí kọ́ńsónáǹtì bá jáde, sípíkà ló lẹ̀bi. Tí kò bá jáde, ẹ wá FLAC (fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ láìsọ ohunkóhun nù) ti àgbasílẹ̀ kan náà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré dán an wò. Tó bá ṣì bò mọ́lẹ̀, a jẹ́ pé bí wọ́n ṣe to maikirofóònù ni, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i nílé.

Nípa dátà: iṣẹ́ ìṣẹ́jú 75 ní 128 kbps jẹ́ nǹkan bí 72 MB. Ní 320 kbps, 180 MB. Ojúlówó ti sídíì tí wọn kò fún pọ̀ sún mọ́ 800 MB, FLAC á sì dín in kù sí bí ìdajì. Ẹ fi 24-bit/96 kHz, fáìlì tó wúwo ju ti sídíì lọ, sílẹ̀. Ó lé ní 2.5 GB kí wọ́n tó fún un pọ̀, kò sì ní mú ọ̀rọ̀ kan ṣe kedere sí i.

ÌyáKóyà kọ:

Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo fẹ́ fi kún un látọ̀dọ̀ akọrin fúnra wọn, torí ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan.

Nínú iṣẹ́ yìí, Sibelius kò pín akọrin sí pááti mẹ́rin bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi tó pọ̀ jù, ohùn kan náà ni tẹ́nọ̀ àti báàsì ń kọ, bí ìgbà tí gbogbo agbo ń sun rárà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló fún un lágbára, òun náà ló sì fa ìṣòro. Tí ọgọ́ta ọkùnrin bá ń kọ ohùn kan, tí wọn kò sì gbé "k" jáde lójú kan náà, olúkúlùkù á bo ti ẹnìkejì rẹ̀, "ooo" tí ẹ ń gbọ́ yẹn ló máa ṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ tó mọ èdè Finnish, tí wọ́n fi ń kọ ọ́, láti ilé ń gé kọ́ńsónáǹtì papọ̀ láìjẹ́ pé olùdarí ń lé wọn. Ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ sórí láàárín oṣù kan á pe gbogbo rẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ kọ́ńsónáǹtì wọn á máa jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn wọn: họ́ọ̀nù 4, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì 3, tròńbóònù 3, túbà kan, pẹ̀lú ìlù tìmpánì. Lójú tèmi, akọrin tí kò bá tó 40 kò lè yọ lórí ìyẹn àyàfi tí wọ́n bá gbé maikirofóònù sún mọ́ wọn. 60 sí 80 ló dáa. Tí wọ́n bá wá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ tún máa ń kún bí ẹ̀kọ.

AkójọRẹ́kọ́ọ̀dù kọ:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti "èwo ni kí n rà".

Paavo Berglund ló kọ́kọ́ gbé odindi rẹ̀ sórí àwo fún títà, ní 1970, pẹ̀lú ọkẹ́sítírà Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akọrin tó lò, YL, láti Helsinki ló ti wá. Ylioppilaskunnan Laulajat ni orúkọ wọn ní kíkún, ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin ti yunifásítì ni, 1883 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Raili Kostia àti Usko Viitanen ló dá orin kọ. Ohùn àwo náà ti dàgbà o, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń jáde níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgbasílẹ̀ tuntun lọ. Ní 1985, Berglund tún un ṣe pẹ̀lú Helsinki Philharmonic.

Ẹni tó bá fẹ́ YL nínú ohùn òde òní, ẹ wá olùdarí Osmo Vänskä pẹ̀lú ọkẹ́sítírà Lahti (ilé iṣẹ́ àwo BIS, Lilli Paasikivi àti Raimo Laukka), tàbí Leif Segerstam pẹ̀lú Helsinki Philharmonic (ilé iṣẹ́ àwo Ondine, Soile Isokoski àti Tommi Hakala), tàbí èyí tí Vänskä tún ṣe ní Minnesota ní 2016, tí YL rìnrìn àjò lọ bá a níbẹ̀. Esa-Pekka Salonen náà lo YL ní Los Angeles, Jorma Hynninen ló kọ ipa Kullervo. Hynninen dáa púpọ̀: kò fi omijé bẹ̀rẹ̀, ó dúró títí omijé fi débá a.

Èyí tí mo máa ní kí EtíDidi kọ́kọ́ gbọ́ ni ti Hannu Lintu pẹ̀lú ọkẹ́sítírà rédíò Finland (Ondine). Ẹgbẹ́ méjì ló kọrin níbẹ̀, Polytech Choir ti Finland àti ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin ti orílẹ̀-èdè Estonia. Èdè méjèèjì bá ara wọn tan, ẹ ò ní gbọ́ àjèjì lẹ́nu àwọn ará Estonia. Johanna Rusanen ló kọ ipa arábìnrin Kullervo, Ville Rusanen kọ ti Kullervo, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ni wọ́n ní tòótọ́. Ẹ ó rí bí ìyẹn ṣe rìn mọ́ ìtàn náà tí AkéwìKalevala bá dé.

OrinÀbáláyé kọ:

> Paavo Berglund ló kọ́kọ́ gbé odindi rẹ̀ sórí àwo fún títà, ní 1970

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí 1892 ni wọ́n kọ ọ́? Ohun tí mo gbọ́ ni pé Sibelius dáná sun ún.

AkójọRẹ́kọ́ọ̀dù kọ:

Rárá o, Símfónì Kẹjọ rẹ̀ ló dáná sun, nígbà tó ti darúgbó. Kullervo kò jóná. 28 April 1892 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Helsinki, Sibelius fúnra rẹ̀ ló darí, ọmọ ọdún 26 ni. Ó tún lọ síta ní 1893, lẹ́yìn náà ló kó o pa mọ́, kò sì gbà kí wọ́n tún gbé odindi rẹ̀ jáde mọ́ títí tó fi kú ní 1957. Abala kẹta nìkan ni wọ́n ṣe ní 1935, nígbà ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún Kalevala. Ní ọdún tó kú gan-an, ó tún ìdárò Kullervo tò fún olórin báàsì náà Kim Borg. June 1958 ni Jussi Jalas, àna rẹ̀, darí odindi rẹ̀. Ìwé orin tí wọ́n yẹ̀ wò fínnífínní, tí Glenda Dawn Goss ṣàtúnṣe rẹ̀, kò jáde títí di 2005. Ìdí nìyẹn tí àgbasílẹ̀ àtijọ́ kan fi máa ń yàtọ̀ sí tòní díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe olùdarí ló ṣì í, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

AkéwìKalevala kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ ò tíì ka ọ̀rọ̀. Etí tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ kò lè gbọ́ ọ, kódà nínú gbọ̀ngàn gan-an. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka ìlà mẹ́rin tí akọrin fi wọlé ní abala kẹta:

*Kullervo, Kalervon poika,*
*sinisukka äijön lapsi,*
*hivus keltainen, korea,*
*kengän kauto kaunokainen*

Kullervo, ọmọkùnrin Kalervo, ọmọ bàbá arúgbó, oníbọ̀sẹ̀ aró, onírun aláwọ̀ ìyeyè tó rẹwà, oníbàtà awọ tó gún régé. Ẹ ò rí i pé oríkì ni? Orúkọ, orúkọ bàbá, aṣọ, irun, bàtà. Bí wọ́n ṣe ń ki ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn, ibi tó sì ń lọ kò dáa.

Bí ẹ ṣe máa pè é: "j" wọn ni "y" tiwa. "ä" wà láàárín "a" àti "ẹ". "y" wọn dà bí "i" tí ẹ fi ẹnu ká bí ẹni fẹ́ súfèé, "ö" sì dà bí "e" tí ẹ ká ẹnu bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ń fa ohùn gùn: nínú "sukka", ẹ dúró lórí "k" díẹ̀ kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Kò sí àmì ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní sílébù mẹ́jọ: Kul-ler-vo Ka-ler-von poi-ka. Bí àwọn akéwì ìlú wọn ṣe sábà ń kọ ọ́ ni pé wọ́n á sáré mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n á sì fa méjì tó kẹ́yìn gùn ní ìlọ́po méjì. Mẹ́fà tó jẹ́ ìdajì-ìdajì di ìlù mẹ́ta, méjì tó gùn di ìlù méjì, àpapọ̀ márùn-ún. Ibẹ̀ ni ìlù márùn-ún tó gba abala kẹta kan ti wá. Kì í ṣe ọgbọ́n orí. Sibelius lọ gbọ́ Larin Paraske, ọ̀kan lára àwọn akéwì obìnrin tó mọ ewì wọ̀nyẹn lórí, ní Porvoo ní 1891, nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́wọ́.

ÌyáKóyà kọ:

Ìlù márùn-ún yẹn ló ń ṣi akọrin lọ́nà jù. Ẹni tí mẹ́rin ti mọ́ lára máa ń sinmi lórí sílébù tó gbẹ̀yìn ju bó ṣe yẹ lọ, ìlà tó kàn á sì pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ̀yin tó ń kọ́ ẹgbẹ́: ẹ má kà á ní "ọ̀kan-méjì-mẹ́ta-mẹ́rin-márùn-ún". Ẹ jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ mẹ́ta fún sílébù mẹ́fà tó yára, kí wọ́n sì pa méjì fún méjì tó gùn, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìkọ ọ́ lórin rárá, ó kéré tán lójú ìdánrawò méjì, kí ẹ tó gbé sol-fa (do-re-mi) jáde. Tí ọ̀rọ̀ bá ti jókòó lẹ́nu, ohùn á tẹ̀ lé e.

EtíDidi kọ:

Mo ti fi hẹ́dífóònù oníwáyà gbọ́ ọ, mo sì pa ti báàsì. "Kullervo, Kalervon" jáde kedere, gbogbo "k" ló ń gé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, níbi tí ọkẹ́sítírà nìkan ti ń ké, ariwo náà pọ̀ débi tí mo fi ní láti fa fólúùmù wálẹ̀, àtìgbà náà ni mi ò gbọ́ obìnrin náà dáadáa mọ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an?

BàbáÀmpù kọ:

Ibi tí ẹ ti gbé fólúùmù kalẹ̀ ni kò tọ́. Pẹ̀lẹ́ ni abala kìíní ń bẹ̀rẹ̀: fáyólínì ń ru lábẹ́, klarinẹ́ẹ̀tì àti họ́ọ̀nù sì gbé orin lé e. Tí ẹ bá wọn fólúùmù sí ìyẹn, ibi gíga á di etí yín, ẹ ó fà á wálẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ á sì kú. Ẹ ṣe é sẹ́yìn: ẹ lọ sí ìparí abala karùn-ún, níbi tí orin àkọ́kọ́ ti padà wá pẹ̀lú gbogbo fèrè idẹ, ẹ gbé fólúùmù sí ibi tí etí lè gbà níbẹ̀, kí ẹ wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ á kéré létí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ti BIS àti Ondine ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù, wọn kì í fún ibi tó ń pariwo àti ibi tó jẹ́jẹ́ pọ̀ mọ́ra. Ẹ má sì gbọ́ ọ nínú mọ́tò.

AkéwìKalevala kọ:

Ní ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ewì 31 sí 36 nínú àádọ́ta tó wà nínú Kalevala ti 1849 ni ìtàn náà. Untamo pa agboolé Kalervo run, Kullervo bọ́ sóko ẹrú. Wọ́n fẹ́ fi omi pa á, wọ́n fi iná, wọ́n so ó kọ́ igi, kò kú. Ìyẹn ló dá ọkàn rẹ̀ rú, ibẹ̀ sì ni abala kejì, ìgbà èwe rẹ̀, dá lé. Ó rí àwọn òbí rẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n sì sọ fún un pé arábìnrin rẹ̀ kan sọnù nínú igbó níbi tó ti lọ ká èso.

Abala kẹta: ó lọ san owó orí, ó ń fi ọkọ̀ ìrìn yìnyín bọ̀ nílé. Ó pe ọmọbìnrin kan, ìyẹn bú u. Ó pe èkejì, bákan náà. Ó fi agbára gbé ẹ̀kẹta, ó na aṣọ àti wúrà síwájú rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì yí ọkàn padà. Ibi tí ọkẹ́sítírà nìkan ti ń ké yẹn ni ìgbà tí wọ́n sùn pọ̀. Nígbà tó dákẹ́ ni wọ́n tó béèrè ìdílé ara wọn, tí wọ́n sì rí i pé arábìnrin rẹ̀ tó sọnù ni.

Ìdáhùn obìnrin náà tí ẹ kò gbọ́ ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó sọ bí òun ṣe ṣìnà nínú igbó, bí òun ṣe gun òkè lọ pariwo, tó jẹ́ igbó ló dá a lóhùn pé kó má pariwo mọ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ẹ wo bí ọkẹ́sítírà ṣe fà sẹ́yìn fún un. Nínú ewì, ó fò sínú omi tó ń ru lẹ́yìn èyí. Ìdárò Kullervo ló tẹ̀ lé e: ọkẹ́sítírà gbá lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ọkùnrin náà sọ ìlà kan, ọkẹ́sítírà tún gbá. Nínú àgbasílẹ̀ tó dáa, ẹ ó gbọ́ gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ láàárín ìgbá kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi dán gbogbo àwo wò.

AkójọRẹ́kọ́ọ̀dù kọ:

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ibòmíì tí mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò ni abala kejì. *Grave* ni Sibelius kọ síbẹ̀, orin ìrẹmọ́lẹ́kún ló sì dá lé, ó ń padà wá, ó sì ń wúwo sí i nígbà gbogbo. Vänskä ní Lahti lò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 lórí rẹ̀, àwọn míì kì í dé 15. Èmi gbà ti Vänskä: ìrẹmọ́lẹ́kún tó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè sùn lọ níbẹ̀. Thomas Dausgaard pẹ̀lú ọkẹ́sítírà BBC Scottish (ilé iṣẹ́ àwo Hyperion) kò jẹ́ kó falẹ̀, Helena Juntunen sì kọ ipa arábìnrin níbẹ̀ bí ọmọdé tó sọnù lóòótọ́. Abala kẹrin, ìrìn ogun, gbogbo ẹgbẹ́ olórin ló ń ṣe é dáadáa, kò ṣòro.

OrinÀbáláyé kọ:

Abala karùn-ún ńkọ́? Kí ni akọrin ń sọ ní ìparí pátápátá?

AkéwìKalevala kọ:

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ohùn. Kullervo padà dé ibi tó ti ba arábìnrin rẹ̀ jẹ́. Koríko kò hù níbẹ̀ mọ́, òdòdó kò là. Ó yọ idà, ó bi í léèrè bóyá ó máa fẹ́ jẹ ẹran ẹlẹ́ṣẹ̀. Idà dá a lóhùn pé kí ló dé tí òun kò ní jẹ ẹ́, òun tó máa ń jẹ ẹran aláìṣẹ̀? Ó gbé èèkù rẹ̀ sí ilẹ̀, ó sì ṣubú lé ẹnu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni orin abala kìíní padà dé, akọrin sì kéde ikú rẹ̀:

*Se oli surma nuoren miehen,*
*kuolo Kullervo urohon*

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe kú nìyẹn, ikú Kullervo akọni. EtíDidi, ẹ tẹ́tí sí "k" méjèèjì nínú "kuolo Kullervo". Tí ẹ bá gbọ́ wọn lórí gbogbo fèrè idẹ yẹn láìfọwọ́ kan fólúùmù, ẹ ti rí àwo tí ẹ máa rà.